Ata Tó Wà Lẹ́nu Látúnjí

Àwọn àgbà ní, "Ẹni tí yóò fẹ́ atẹ́gùn síni lójú kì í fi ata sẹ́nu." Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, n kò sì yéé bi ara mi pé: ta ni wèrè náà? Ta ló jókòó, tó rún ata lẹ́nu, tó wá dìde pé òun fẹ́ yọ ìdọ̀tí lójú ọmọnìkejì òun? Àwọn àgbà kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí wọ́n pa á lówe pé kí èèyàn má fi etí jẹ iyán? Ẹ ò gbọ́ ọ, nítorí kò sẹ́ni tó ṣe é. Bí ẹ bá wá gbọ́ tí àgbà ní "kì í", ẹ yáa mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe é, ojú ẹnì kan sì ti rí i.

Ẹni tó ṣe é ń jẹ́ Látúnjí. Ojú tó rí i, ojú Ìyàndá ni. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Bí ata bá wà lẹ́nu yín, ẹ tu ú dànù ká tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́rìnlélógún ló dìde ní Ìdí-Ẹmi lọ́dún náà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìdí-Ẹmi wà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń mú ilẹ̀ gan bí àwo. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí ọkọ́ kò ríṣẹ́ ṣe nílé mọ́, àwọn géńdé á di ẹrù, wọn á sọdá odò Àwẹ̀rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ igbó, wọn á lọ bá àwọn olóko ńlá kọ ebè. Alágbàṣe ni wọ́n. Bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, wọn á tún sọdá padà kí odò tó kún, kí wọ́n lè gbin oko tiwọn. Bíi lékèélékèé ni wọ́n rí: ìgbà ló ń mú wọn lọ, ìgbà náà ló ń mú wọn bọ̀.

Obìnrin kan ṣoṣo ló bá wọn lọ, Ìyá Adígún, opó tó ń se oúnjẹ fún wọn. Ó ga bí òpó ilé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń bẹ́ iṣu lọ.

Olóko tí wọ́n lọ bá ni Olóyè Adégòróyè ti Igbó-Àràbà. Ọjọ́ tí wọ́n dé, Olóyè na apá méjèèjì bí igún tó ń yá oòrùn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi! Òṣùpá mẹ́ta péré ni. Omi kànga ni ẹ ó máa mu. Iyọ̀ wà, ata wà. Òṣùpá kẹta bá ti wọ̀, ẹ ó gba ẹ̀tọ́ yín, ẹ ó sì máa lọ ní àlàáfíà."

Ọ̀rọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n adágún tí màlúù ń wọ̀ ni wọ́n ń mu. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò rí iyọ̀, tí kò rí ata. Ojú ọbẹ̀ náà funfun bíi ti ẹni tó pàdé iwin lọ́nà. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ń ti oko dé, ọkùnrin mẹ́fà tó gbé kùmọ̀ léjìká á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á kó o sínú àká, wọn á fi àgádágodo tì í.

"Kí olè má baà jí i ni," Olóyè wí.

Olè wo? Ọkọ́ tiwọn ni, àgbẹ̀dẹ ilé wọn ló rọ ọ́. Àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ wà nínú àká olóko, báwo ni yóò ṣe lọ? Bó bá sá délé, ṣé èékánná ni yóò fi gbẹ́lẹ̀?

Òṣùpá kẹta lé, ó sì wọ̀. Olóyè ní iṣẹ́ kò tíì tán. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Olóyè ní òjò kì í ṣe àlejò òun.

Ìyàndá ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ọdún méje ló fi bẹ ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó gé ilẹ̀ fún un, ilẹ̀ dúdú kan létí àkùrọ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ló fi ẹsẹ̀ wọ ààlà náà, tó sì wí fún un níṣojú gbogbo wọn pé: "Ìyàndá, bí òjò kejì bá rọ̀ lọ́dún yìí, tí a kò bá irúgbìn rẹ nínú ilẹ̀ yìí, a ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ kì í dúró de ọ̀lẹ." Òjò kìíní ti wá ti lọ. Ní ojoojúmọ́, bí Ìyàndá bá nàró láti ìdí ebè, ọ̀run ló ń kọ́kọ́ wò kó tó nu òógùn.

Wọ́n ti fi ẹnì kan ṣe ẹnu ẹgbẹ́ ṣá, Látúnjí. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá kí ẹ káàárọ̀, o ó rò pé nítorí tìẹ ni ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n yàn án, ó gbọ́wọ́ sókè ó ní, "Ata kò ní kan ọ̀nà ọ̀fun mi níwọ̀n ìgbà tí kò bá kan tiyín." Ìyá Adígún nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, nítorí ó ń fẹ́ná.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Látúnjí lọ bá Olóyè lórí ẹ̀tọ́ àti ọkọ́ wọn, ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà wá tó ń nu ojú bí ẹni tó ti ibi òkú dé.

"Wọn kò jẹ́ kí n wọlé," á ní. "Inú oòrùn ni mo dúró. Omi mímu lásán, wọn kò fún mi."

Àánú á ṣe wọ́n. Wọ́n ní kó má bá wọn kọ ebè lọ́jọ́ tó bá lọ jẹ́ iṣẹ́, igba ebè tó kàn án, àwọn á pín in kọ. Ẹ̀yìn wọn ń bẹ́, tirẹ̀ ń nà. Lọ́jọ́ kan Ìyá Adígún wò ó látòkèdélẹ̀.

"Látúnjí, oòrùn Olóyè yìí mà ń mú ọ sanra o."

"Ìyá, ara wíwú ni. Ìyà ló ń wú mi báyìí."

"Ó dára. Kí ìyà máa rọra wú ọ. Má jẹ̀ẹ́ kó bẹ́."

Ẹ wá fara balẹ̀ gbọ́ ọjọ́ karùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tó kù kò ju gbígbin iṣu lọ. Ọkọ́ ṣì wà nínú àká, nítorí èbù ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Wọ́n jókòó yí òkìtì iṣu ká lábẹ́ igi ọsàn kan, wọ́n gé ẹgbẹ̀ẹ́dógún èbù, wọ́n ń fi eérú pa ojú ibi tí wọ́n gé. Látúnjí ti gbọ̀nà ilé Olóyè lọ. Kò pẹ́ tí òjìji òjò fi bo oko, atẹ́gùn kan sì dìde láti ìhà odò, ó gbá eérú àti èèpo iṣu sókè, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé Ìyàndá lójú.

"Ojú mi o!"

Ní Ìdí-Ẹmi, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti rí ọ ló ń fẹ́ ọ lójú. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá fi ṣe ẹnu, òun ló ń fẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lójú. Wọ́n gbà pé ẹnu tí èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹnu náà ló lè gbé ẹyinjú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Wọ́n bá ń wò yán-ànyán-àn. Ìyàndá ń yí nílẹ̀. Àfi bí Látúnjí ṣe yọ láti ẹ̀yìn igbó, tó ń nu ojú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Wọn kò jẹ́ kí n wọlé o!"

"Ìyẹn kọ́! Wá fẹ́ Ìyàndá lójú!"

Látúnjí dúró gbagidi. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ́nu."

"Omi wo lo fẹ́ fi yọ́nu?" Ìyá Adígún bi í. "Ti màlúù?"

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fẹ́ ẹ. Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ̀gbọ́n," Ìyàndá ní, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì la ìpéǹpéjú, omi ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, "ẹ dákun, ẹ bá mi fẹ́ ẹ. Ojú mi ń lọ."

Kí ni yóò ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀. Ó sún ẹnu jọ bí ìdí abẹ́rẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn kékeré kan tí kò lè mi ìyẹ́ adìyẹ.

"Fẹ́ ẹ dáadáa!" gbogbo wọn kígbe mọ́ ọn.

Látúnjí dijú. Ó fa èémí. Fúúúù!

Ẹ gbà mí! Ìyàndá fò sókè bí ẹja tó bọ́ sórí àpáta. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú.

"Yéè! Ata! Ata ni!"

"Ata ní abà yìí?" ẹnì kan ní. "Orí rẹ ti dàrú. Ata tí a kò rí fún òṣùpá mẹ́ta!"

"Mo ti gbàgbé adùn rẹ̀," Ìyàndá ń ké, "n kò gbàgbé oró rẹ̀!"

 Ìyá Adígún gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó di àgbọ̀n Látúnjí mú.

"Yánu."

Látúnjí mi orí. Ìyá Adígún fi ọwọ́ kejì fún imú rẹ̀ pa. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ojú Látúnjí pọ́n, ó yọ, ó fẹ́ bọ́. Nígbà tó yá, ẹnu là gbàù! Ìyá Adígún ki imú bọ̀ ọ́.

"Ata rodo," ó ní. "Àlùbọ́sà. Iyọ̀ kò jìnnà. Ẹran... ẹ dúró ná... ẹtù ni! Wọ́n sì dín in kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀!" Ó tún yọjú wò ó dáadáa. "Ẹ wá wò ó! Kóró ata kan rèé ní àlàfo eyín rẹ̀, tó jókòó bí olóyè lórí àga."

Ọkùnrin méjìlélógún dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ti mú igi. Látúnjí dojúbolẹ̀.

"Ẹ má pa mí! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Olóyè ti ń gbé oúnjẹ síwájú mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ ṣe ju kí n dá yín dúró lọ. Ó ní bí odò Àwẹ̀rẹ̀ bá lè kún pẹ́nrẹ́n, ẹ kò níbi tí ẹ ń lọ mọ́, ẹ ó bá a roko, ẹ ó bá a wa iṣu, títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ mọ́."

Bó ti sọ èyí tán ni àrá kù láti ìhà òkè odò.  Àwọn tó mú igi gbé e sókè.

"Ẹ sọ igi sílẹ̀," Ìyá Adígún ní. "Ẹ lù ú tán, kí ló kù? Ẹ ó tún yan ẹnu mìíràn, Olóyè á tún pa ẹtù mìíràn."

Ìyàndá ti fi àkísà di ojú òsì. Èyí tó kù pọ́n bí ẹyin iná. Ó ní, "Ẹnu kan ló rí dí. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹnu mẹ́rìnlélógún lọ bá a, ká wo iye ẹtù tó wà nínú igbó rẹ̀."

"Mẹ́tàlélógún la kù," ẹnì kan ní, ó ń wo Látúnjí nílẹ̀.

"Ṣé ẹnu tèmi, imú ni?" Ìyá Adígún ní, ó sì ṣíwájú.

Iwájú ilé ni wọ́n bá Olóyè Adégòróyè, tó ń fi igi tayín. Ó rí wọn tí wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ wá ṣe níbí lọ́sàn-án? Látúnjí dà? Ta ni ẹnu yín?"

Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ọkọ́."

Ẹni kejì ní, "Wa."

Ẹni kẹta ní, "Ni."

Ẹni kẹrin ní, "A."

Ẹni karùn-ún ní, "Wá."

Ẹni kẹfà ní, "Gbà."

Olóyè ti yí ọrùn títí ó fi ké kọ́ọ́. Ó na ìka sí ẹni àkọ́kọ́. "Ìwọ tó pe ọkọ́, ìwọ ni olórí wọn!"

"Rárá o, bàbá. Ọkọ́ nìkan ni mo pè. N kò sọ pé ti ta ni."

"Ìwọ tó ní 'wa' ńkọ́?"

"Bàbá, 'wa' ni mo wí. Bó jẹ́ ilé wa, bó jẹ́ ojú wa, n kò tíì sọ ọ́."

Ẹ̀rín kò sí lójú Olóyè mọ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníkùmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ, wọ́n sì há wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹnì kan gbé kùmọ̀ sókè. Ìyàndá rìn síwájú, ó dúró lábẹ́ kùmọ̀ náà gan-an, ó gbé ojú wíwú rẹ̀ sókè sí i.

"Olóyè, ẹ jẹ́ kí wọ́n lù wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun kan. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún èbù la gé láàárọ̀, ó wà nílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni èbù ń dúró de ilẹ̀. Bí òjò bá pa á ní gbangba, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kùmọ̀ ni wọn yóò fi gbìn ín?"

Àwọn mẹ́fà wo kùmọ̀ wọn. Èyí tó gbé tirẹ̀ sókè rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Èmi ò gbin iṣu rí o, Olóyè," ó ní. "Màlúù ni mo máa ń dà."

 Lójijì Olóyè tún na apá bí igún ọjọ́sí. "Ẹ̀yin ọmọ mi! Ebi ló ń pa yín! Ẹ gbé ìkòkò jáde!"

Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ṣí i. Òórùn ata rodo àti ẹran díndín jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùpá mẹ́ta! Ikùn ẹnì kan dún gbùrú bí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì. Ẹlòmíràn gbé ìtọ́ mì títí ìtọ́ fi tán. Ìyàndá kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan síwájú, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an ń yún un.

Ìyá Adígún tẹ̀ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ata kan láti inú ìkòkò, ó fi ewé pọ́n ọn, ó fi há ìgbànú. Ó wá mú ìdérí, ó dé ìkòkò náà pa.

"Ẹ ṣí àká ná, Olóyè. Kò sẹ́ni tó ń jẹun nílé tí ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n."

"Bí mo bá ṣí i, tí ẹ sì sá lọ ńkọ́?"

"Ìwọ lo da àdéhùn," Ìyàndá ní. Ẹ gbọ́ o, ó pe Olóyè ní "ìwọ"!  "Àwa ò da tiwa. Omi kànga lónìí. Lọ́la, a ó gbin èbù náà tán. Lọ́túnla, ẹ̀tọ́ wa a pé lọ́wọ́ wa, ọkọ́ wa a wà léjìká wa, a ó sọdá."

Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ sórí ìdérí ìkòkò, tó! Olóyè gbé ojú sókè. Èkejì bọ́ sí i lójú. Ó rántí ẹgbẹ̀ẹ́dógún èbù. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí àká, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo èbù, ẹ̀kán náà sì dá láìdi òjò. Wọ́n mu omi kànga, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ata, wọ́n gbin èbù tán bí wọ́n ti wí, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, odò Àwẹ̀rẹ̀ ti dé àyà. Wọ́n gbé ọkọ́ lérí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sọdá.

Látúnjí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Bó ti gun èbúté tán ni atẹ́gùn tú yanrìn sókè, ó sì dà á sí i lójú méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tá afẹ́fẹ́.

"Ẹ bá mi fẹ́ ẹ o! Ẹ̀yin ará, ẹ ṣàánú mi!"

Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Adígún bá tú ewé ìgbànú rẹ̀, ó mú ata Olóyè jáde, ó nà án sí Ìyàndá.

"Gbà. Rún un kúnná."

Gbogbo wọn ń wò ó. Ojú òsì Ìyàndá kò tíì là tán. Ó gba ata náà, ó yí i lọ́wọ́, ó wo Látúnjí lórí ìkúnlẹ̀. Látúnjí ti gbọ́ ohun tí Ìyá Adígún sọ, ṣùgbọ́n kò dìde, nítorí ojú kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ sá lọ.

Ìyàndá dá ata náà padà sọ́wọ́ ìyá.

"Ìyá, ẹ fi se ọbẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú odò, ó bu omi, ó yọ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ó yọ́nu lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ́nu lẹ́ẹ̀kẹta. Ó yánu gbàgà kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí inú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí Látúnjí lójú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yanrìn fi jáde. Látúnjí la ojú, ojú Ìyàndá tó pọ́n ló sì kọ́kọ́ rí. Omi tó jáde lójú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ti yanrìn.

Òjò kejì rọ̀ ní Ìdí-Ẹmi lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n délé. Ó bá irúgbìn Ìyàndá nínú ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ará Ìdí-Ẹmi bá fẹ́ rán ẹnì kan lọ bá olóko sọ̀rọ̀, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún un kó fi yọ́nu. Bó bá sì padà dé, kó tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kó tó nu ojú rárá, obìnrin tó dàgbà jù níbẹ̀ á sún mọ́ ọn, á ní, "Yánu ká gbọ́ òórùn." Bí ẹ̀yin náà bá ní ẹni tí ẹ rán níṣẹ́, tó ń padà wá sọ fún yín pé wọn kò jẹ́ kí òun wọlé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń dán, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe sí imú rẹ̀. Ojú kò ní ààrọ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ atẹ́gùn síni lójú kì í fi ata sẹ́nu.